Ta Ni Wọ́n Ń Bọ̀? Àlàyé lórí "Being Boiled", Orin The Human League Tí Kò Yé Ọ̀pọ̀ Èèyàn

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń kàwé ní Sheffield, nílùú Ọba, ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi orin kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì kọ ìbéèrè sábẹ́ rẹ̀ láìfi àmì ohùn kankan sí i: "Egbon mi, e joo, ki ni won n bo ninu orin yii?" Èmi kà á sí "bọ", bí a ṣe ń bọ òrìṣà. Mo dá a lóhùn pé mo gbọ́ orúkọ Búdà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń bọ ọ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Bíbọ̀ ni mò ń wí, bí ẹyin bíbọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní wọ́n ń bọ àwọn kan láàyè nínú orin náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi pé àwọn wo ni."

Àmì ohùn kan péré ló dá "bọ" àti "bọ̀" sí méjì, àárín méjèèjì gan-an ni orin náà sì jókòó sí: ẹ̀sìn ní apá kan, omi gbígbóná ní apá kejì. Àkọlé rẹ̀ ni "Being Boiled", ìyẹn ni pé wọ́n ń bọ ẹnì kan lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ The Human League ló gbé e jáde lọ́dún 1978. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ yìí, "Don't You Want Me", orin ìfẹ́ tí ọkùnrin àti obìnrin jọ ń kọ, ló fi mọ̀ wọ́n. Èyí tí à ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ọ rí, àwọn tó gbọ́ ọ sì ń bi ara wọn pé kí ni eléyìí. Ta ló ń kọ ọ́? Kí ló wà nínú ìkòkò? Kí ni Búdà ń wá níbẹ̀? Báwo ni orin ọdún 1978 ṣe wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́dún 1982?

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí orin yìí tètè yé ọmọ Yorùbá ju àwọn tó ni èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ bí a bá dé ọ̀dọ̀ sányán.

Kí ni single, kí sì ni synthesizer?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò sí ojú kan.

Single ni àwo kékeré, ínǹṣì méje ní fífẹ̀, orin kan lójú iwájú, òmíràn lẹ́yìn. Kò dà bí àwo ńlá tí àwọn ọ̀gá jùjú wa fi máa ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan títí dé òpin rẹ̀ láìdúró. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ni, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, kódà ọmọ iléèwé lè tu owó jọ kó rà á. Tí wọ́n bá sọ pé orin kan wà ní "ipò kìíní" nílùú Ọba nígbà náà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwo kékeré rẹ̀ ló tà jù lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sí adájọ́ kankan tó jókòó pé orin yìí dára, tọ̀hún kò dára. Iye àwo tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tà ni wọ́n ń kà, òun ni wọ́n sì fi ń to àwọn orin sórí àtẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Synthesizer ni ohun èlò orin tí kò ní okùn tí à ń ta, tí kò ní awọ tí à ń lù, tí kò sì ní ihò tí à ń fọn. Iná mànàmáná ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń sọ ìgbọ̀n náà di ohùn. Ẹ wo onígángan: bó bá fún ọṣán ìlù mọ́ ìhà, ohùn á ga, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Nínú synthesizer, agbára iná ni ọṣán. Fi kún un, ohùn á lọ sókè. Dín in kù, á wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n gíga ohùn nìkan kọ́. Ẹ rántí bí orin àríyá ṣe máa ń rí lójú pópó. Bí o bá dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo rẹ̀ lò ń gbọ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gìtá, ohùn olórin. Bí o bá wọ yàrá tí o ti ìlẹ̀kùn, gùdù-gùdù ìsàlẹ̀ nìkan ló kù tí ń ti ògiri wọlé. Ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà nínú synthesizer, ọwọ́ olórin ló sì ń ṣí i, tó ń tì í, nígbà tí ohùn ń lọ lọ́wọ́. Òun ló máa ń dún "wáà-o, wáà-o" bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìlù ńkọ́? Ẹ ronú sí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ariwo kan náà ni, kò ga, kò rẹlẹ̀. Ẹ̀rọ yìí lè ṣe irú ariwo bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá gé ariwo òjò náà kélekèle, ó di "ṣá! ṣá!", ìlù sì dé nìyẹn láìsí onílù. Bí wọ́n ṣe rí ìlù "Being Boiled" nìyẹn. Kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí ìlù gidi. Synthesizer Korg 700S àti Roland System 100 ni, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin kan. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú rẹ̀ o: lọ́dún 1978 kan náà, William Onyeabor ti ń fi synthesizer kọ orin tirẹ̀ jáde ní Enugu.

Ta ló ń kọrin, níbo sì ni àwọn obìnrin méjì yẹn wà?

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ wà. Ẹni tó mọ The Human League nípa "Don't You Want Me" á máa retí ohùn obìnrin. Á gbọ́ "Being Boiled" dópin láìgbọ́ ohùn obìnrin kankan. Wọ́n kò gé e kúrò. Àwọn obìnrin náà kò tíì dé inú ẹgbẹ́ náà rárá ni.

Sheffield jẹ́ ìlú irin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ àti síbí tó gba ayé kan. Martyn Ware àti Ian Craig Marsh jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn méjèèjì ló ń tẹ synthesizer, ṣùgbọ́n wọn kò ní olórin. Lọ́dún 1977, Ware ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti iléèwé, Philip Oakey. Iṣẹ́ tí Oakey ń ṣe nígbà náà ni títi aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn nílé ìwòsàn. Kò kọrin nínú ẹgbẹ́ kankan rí. Ṣùgbọ́n ó ga, ó rẹwà, irun rẹ̀ kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni: apá kan gùn dé èjìká, apá kejì kúrú.

Ware fún un ní téèpù tí ohùn ẹ̀rọ nìkan wà lórí rẹ̀, pé kó lọ wá ọ̀rọ̀ sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Oakey padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan nípa kòkòrò àti Búdà. Ẹ fojú inú wo ojú àwọn tó rán an níṣẹ́! Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á. Inú fákítọ̀rì kan tí kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́ ni wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀, lórí téèpù rẹ́kọ́dà tí èèyàn ń lò nílé. Gbogbo owó tí wọ́n ná, bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń sọ ọ́, kò ju pọ́n-ùn méjì àti ààbọ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ àwo kékeré kan tó ń jẹ́ Fast Product, tí Bob Last dá sílẹ̀ ní Edinburgh, ló gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1978.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Lọ́dún 1980 ẹgbẹ́ náà fọ́. Ware àti Marsh jáde, wọ́n sì lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn, Heaven 17, sílẹ̀. Orúkọ The Human League ṣẹ́kù sọ́wọ́ Oakey àti Adrian Wright, ẹni tó jẹ́ pé àwòrán ló ń gbé sójú ògiri nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣeré. Ẹni tó mọ ìtàn ẹgbẹ́ jùjú kò ní pẹ́ lóye: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á kó jáde, orúkọ á kù sọ́wọ́ ẹni tó ń dá orin. Àfi pé níbí, àwọn tó jáde ló mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà dénú, àwọn tó kù sì ti gba iṣẹ́ tí wọ́n máa lọ ṣeré káàkiri. Oakey bá gba ilé ijó kan lọ ní Sheffield tí wọ́n ń pè ní Crazy Daisy, ó rí ọmọbìnrin méjì tó ń jó, Susanne Sulley àti Joanne Catherall. Ọmọ iléèwé ni àwọn méjèèjì, wọn kò kọrin níbì kankan rí. Ó ní kí wọ́n ká lọ. Àwọn ni ẹ ń gbọ́ lórí àwo Dare tó jáde lọ́dún 1981.

Nítorí náà ẹgbẹ́ méjì ló jẹ́ orúkọ kan. "Being Boiled" jẹ́ ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́.

Ó dáa, kí ló wà nínú ìkòkò?

Kòkòrò ṣẹ́dà ni. Kì í ṣe èèyàn, ọmọ kíláàsì àbúrò mi, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú orin náà tí ó jẹ́ pé òun ló ń da ọ̀pọ̀ òyìnbó láàmú: sericulture. Òyìnbó mìíràn gbó títí kò gbọ́ ọ rí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ sísin kòkòrò ṣẹ́dà, bí a ṣe ń sin adìyẹ tàbí ẹja. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo orin náà á ṣókùnkùn sí i, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó kù fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ohun tí Oakey ń sọ ni pé kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà jáwọ́, pé àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí wọ́n ń bọ̀ láàyè yìí, ọmọ ẹnì kan ni wọ́n bí ọmọ tiwọn náà ṣe jẹ́ ọmọ.

Òtítọ́ ni pé wọ́n ń bọ̀ wọ́n. Kòkòrò ṣẹ́dà tí wọ́n ń sìn ní Ṣáínà àti Íńdíà, ewé mulberry ló ń jẹ. Á jẹun bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á sanra, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn láti ẹnu, á máa fi yí ara rẹ̀ ká. Bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ti kọ́lé mọ́ ara rẹ̀ lórí, ilé funfun kan tó rí bí ẹyin kékeré. Okùn kan ṣoṣo ló fi kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì lè gùn tó mítà 900. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà á ti di àfòpiná, á yọ omi kan lẹ́nu tó máa ń jẹ ògiri ilé náà, á sì jáde.

Ìṣòro aṣọ nìyẹn. Ihò tó bá gbà jáde yẹn ti gé okùn náà sí wẹ́wẹ́. Okùn mítà 900 ti di ègé-ègé. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó jáde. Wọ́n á fi ooru pa á nínú ilé rẹ̀, wọ́n á da àwọn ilé náà sínú omi gbígbóná. Omi yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: ó ń rọ oje tó lẹ okùn náà pọ̀, kí wọ́n lè rí orí okùn mú, kí wọ́n sì máa fà á jáde wọ̀ọ̀. Kí ṣẹ́dà tó pé ìdajì kílò, kòkòrò tó lọ sí i máa ń tó 2,000 sí 3,000.

Ẹni tó bá ti bá àwọn ahunṣọ àtijọ́ sọ̀rọ̀ nípa sányán kò ní la ẹnu sílẹ̀ síbí. Sányán gidi, baba aṣọ, ara kòkòrò ló ti wá. Kòkòrò tiwa kò sí nínú ilé ẹnikẹ́ni, inú igbó ló wà, lórí igi bí arère. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dá ilé kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti Ṣáínà. Ọ̀pọ̀ wọn á kó ara wọn jọ, wọ́n á hun àpò ńlá kan tó pọ́n bí awọ ìgàlà, wọ́n á jọ wọnú rẹ̀ lọ, bí agbo ilé. Ẹni tó bá já àpò náà nílẹ̀ igbó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí irun ara wọn máa ń yún ni bí ewé èèsìsì. Wọ́n á yọ kòkòrò inú rẹ̀, àwọn kan á dín in jẹ. Wọ́n á wá bọ àpò náà nínú omi eérú títí oje rẹ̀ á fi ṣí. Lẹ́yìn náà ni fífọ̀, sísá, àti ríràn bí òwú, nítorí òwú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan tó gùn gbọọrọ tí èèyàn lè fà. Àwọ̀ rẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ yanrìn, tí wọ́n ń fi òwú ilé-iṣẹ́ dọ́gbọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ àríyá lónìí, ara àpò yẹn ló ti ṣẹ̀ wá.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ó yẹ kí orin yìí yé wa. Ìkòkò, iná, kòkòrò, aṣọ olówó ńlá. Ọ̀dọ́mọkùnrin Sheffield ń fi ohùn bí ti wòlíì kọ ọ́, òyìnbó ń rò pé àlá ni ó lá. Ìyá àgbà tó mọ ibi tí sányán ti wá kàn máa ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa, kí ló tún kù?"

Kí wá ni Búdà ń ṣe níbẹ̀?

Ohun tó kù nìyẹn, òun ló sì nira jù. Nínú orin náà, ohùn Búdà ni Oakey ní kí àwọn onṣẹ́dà fetí sí. Ó tún mú òrìṣà kan wọlé, pé ìbọ̀sẹ̀ òrìṣà náà ni wọ́n torí rẹ̀ ń bọ àwọn kòkòrò. Ẹni tó mọ ẹ̀sìn Búdà á dúró níbẹ̀: ẹ̀sìn Búdà kò gbé òrìṣà tí à ń wọ láṣọ sí àárín. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ló máa ń fi ṣẹ́dà wọ ère òrìṣà wọn, tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ìjọsìn. Oakey da ẹ̀sìn méjì pọ̀ mọ́ra nínú ìkòkò kan. Wọ́n ti fi èyí ṣe é ní yẹ̀yẹ́ láti ìgbà náà, ó sì tọ́ sí i.

Bí a bá gbé e sí Yorùbá, ó dùn: wọ́n ń bọ̀ ọ́ nítorí ohun tí wọ́n ń bọ, ìbọ̀sẹ̀ sì tún jókòó sáàárín pẹ̀lú "bọ̀" tirẹ̀. Oakey kò mọ̀ pé irú èdè bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ì bá gba ẹ̀bùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ẹlẹ́yà náà kò wò. Búdà sọ nǹkan nípa kòkòrò ṣẹ́dà lóòótọ́. Ó wà nínú ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní Vinaya, ti àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn tó fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ láti tẹ̀lé Búdà. Ìtàn ibẹ̀ ni pé àwọn mọ́ńkì kan lọ bá àwọn onṣẹ́dà ní ìlú Āḷavī, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bọ kòkòrò púpọ̀ sí i, kí wọ́n fún àwọn ní ṣẹ́dà tí àwọn fẹ́ fi ṣe ẹní. Àwọn onṣẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ń torí àtijẹ àti ọmọ àti ìyàwó pa ẹ̀dá kéékèèké wọ̀nyí, ibi ni ó jẹ́ fún àwọn. Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ Búdà tún ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa sí i? Ọ̀rọ̀ náà dé etí Búdà. Ó ṣòfin pé mọ́ńkì tó bá ṣe ẹní tí ṣẹ́dà wà nínú rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹni tí òfin náà mú. Kò mú àwọn onṣẹ́dà. Ó mú àwọn tó ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Búdà kan náà sì fàyè gba ṣẹ́dà nínú oríṣi aṣọ mẹ́fà tí mọ́ńkì lè fi ṣe ẹ̀wù. Nítorí náà Oakey kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ délé: Búdà tirẹ̀ ń pàṣẹ fún àwọn onṣẹ́dà pé kí wọ́n jáwọ́, Búdà inú ìwé sì ń bá àwọn ọmọ tirẹ̀ wí. Síbẹ̀ ó sún mọ́ òtítọ́ ju bí wọ́n ṣe ń rò lọ. Bí ó ṣe ìwádìí, bí kò ṣe, ó ti bá ibi ìrora ọ̀rọ̀ náà pàdé: ẹ̀dá kékeré ń kú, ẹni tó ń pa á sì mọ̀.

Ní Íńdíà lónìí, àwọn kan ń ṣe ṣẹ́dà tí wọ́n ń pè ní ahimsa. Wọ́n á jẹ́ kí àfòpiná jáde kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé rẹ̀. Okùn á ti gé, wọ́n á wá ràn án bí òwú, bíi sányán gan-an. Ó wọ́n ju ṣẹ́dà lásán lọ, kì í sì í dán tó o.

Báwo ni orin tó kú lọ́dún 1978 ṣe jí?

Nígbà tí orin náà jáde, kò dé orí àtẹ kankan. Ìwé ìròyìn orin NME gbé e fún John Lydon, ẹni tó ti jẹ́ Johnny Rotten nínú Sex Pistols, ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì, kó sọ èrò rẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ Sheffield náà ní híppì. Híppì ni àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn ìgbà tó ti kọjá, tí àwọn pọ́ǹkì kò fẹ́ rí sójú, nítorí náà ní àsìkò yẹn, èébú kò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ lọ́dún kan náà David Bowie, olórin ńlá nílùú Ọba, lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ní London, ó sì ń sọ káàkiri pé ọjọ́ iwájú orin ni òun rí. Orin kan náà, etí méjì.

Ẹ wá padà sí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nípa àtẹ. "Don't You Want Me" jáde ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1981. Ó gun ipò kìíní, ó jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó kọjá Kérésì. Kò sí àwo kékeré tó tà tó o nílùú Ọba lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá ra ọ̀kan á fẹ́ mọ ohun mìíràn tí ẹgbẹ́ náà ní. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè, wọ́n sì na "Being Boiled" sí i, nítorí Fast Product ti bá ilé-iṣẹ́ àwo ńlá EMI ṣe àdéhùn tó mú kí àwo àtijọ́ náà wà lọ́jà gbogbo.

Ní oṣù kìíní ọdún 1982, "Being Boiled" dé ipò kẹfà. Ẹ rò ó wò. Ọmọdé kan ra àwo nítorí Joanne àti Susanne, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ohùn òjò-orí-páànù bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan sì ń fi ohùn ìsìnkú bá a sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò. Kò sí ìyàwó, kò sí ọkọ, kò sí ìfẹ́ tó dàrú níbẹ̀. Ó ti sanwó ná, ìṣirò sì ti kà á. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ lára ìdàrúdàpọ̀ tó wà lórí orin yìí, yàrá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé orin tuntun ni. Àwọn tó ṣe ìdí orin náà, Ware àti Marsh, sì wà nílé Heaven 17 tí wọ́n ń wo orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí àtẹ.

Èwo ni kí n gbọ́ nínú wọn?

Bí ẹ bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ju ẹyọ kan lọ tí ẹ máa rí, èyí náà tún ń da èèyàn láàmú. Ìdí ni pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo Virgin gba ẹgbẹ́ náà, wọ́n tún un kọ lọ́dún 1980, ó sì wà lára àwo Travelogue. Èyí tóbi, ó kún, ó ní ohùn bíi ti fèrè idẹ tó ń ta lókè, ohùn rẹ̀ sì tàn ká etí méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ jó, òun ni. Ti ọdún 1978 há, gbogbo ohùn rẹ̀ wà lójú kan, ẹ ó sì gbọ́ pé ẹ̀rọ ilé ni wọ́n fi gbà á.

Èmi mú ti 1978. Fákítọ̀rì tó ṣófo yẹn wà nínú rẹ̀. Ìdìpọ̀ ohùn ìsàlẹ̀ náà ń rìn bí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo gun àtẹ̀gùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe orin lẹ́yìn ìgbà náà mọ̀ ọ́n: lọ́dún 2003, Richard X yọ ohùn ìsàlẹ̀ yìí, ó gbé ọ̀rọ̀ orin mìíràn, "Ain't Nobody", lé e lórí fún ẹgbẹ́ Liberty X. Ó sọ ọ́ ní "Being Nobody", ó sì dé ipò kẹta. Ẹgbàágbèje ló jó sí kòkòrò ṣẹ́dà láìmọ̀.

Bí ẹ kò bá sì mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má wo àwòrán ẹ̀yìn àwo. Ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lórí ti 1978, kí orin tó wọlé, ọkùnrin kan máa ń sọ̀rọ̀ ṣókí, ó ń bi àwọn yòókù bóyá wọ́n ti ṣetán, ó ní ó yá. Mo kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó gbọ́ ọ, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, láìfi àmì ohùn kankan sí i: "Mo ti gbo o. Won ti n bo." Títí di ìsinsìnyí, n kò mọ èyí tó ń sọ.